Igun Òsì Tó Ń Gbé Ohùn Mì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ariwo bá wà ládùúgbò yín bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, bí ọmọ ará ilé kejì bá ń ké, tí ẹnì kan sì ń kan ìṣó mọ́ pákó lókè, ẹ má bínú. Ẹ dúpẹ́. Ìlú kan wà tí ìjọba ibẹ̀ dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa rí sí ọ̀rọ̀ ariwo, wọ́n sì fi ọkùnrin kan ṣe Olùdarí Àgbà rẹ̀. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí kò bá sí nítòsí, Ọ̀gá Ẹdákẹ́ ni gbogbo ìlú ń pè é. Níwájú rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ni wọ́n ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi Pátápátá yẹn kún un.

Ọ̀gá Ẹdákẹ́ kì í sọ̀rọ̀ bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń sọ ọ́. Bí ooru bá mú un, tó fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé, yóò kọ́kọ́ húkọ́, yóò fọwọ́ tún táì rẹ̀ ṣe, yóò wá ní: "Ní ìbámu pẹ̀lú agbára tí ìjọba gbé lé mi lọ́wọ́, àti lẹ́yìn àròjinlẹ̀ tó gbà mí lákòókò, mo rí i pé ó tọ́, ó yẹ, ó sì bá ìgbà mu, pé kí atẹ́gùn ó wọlé." Wọn yóò pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn àtẹ́wọ́ ni ẹnì kan yóò tó dìde lọ ṣí fèrèsé náà, ooru yóò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán.

Ẹ wá gbọ́ òfin tí ọkùnrin yìí ti ṣe. Ó ní àkùkọ kankan kò gbọdọ̀ kọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èyí tó bá kọ, òun àti ẹni tó ni ín ni yóò jọ wá ṣàlàyé ní ọ́fíìsì. Ó ní kí àwọn ajá máa gbó níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ó kọ̀wé sí ilé ìwòsàn pé àwọn ọmọ tuntun tó ń dé sáyé, kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n fi ọgbọ́n sunkún. Káfíńtà tó ń gbé lẹ́yìnkùnlé rẹ̀ ti di ẹni tó ń fi àkísà wé orí òòlù kó tó kan ìṣó, tí ìṣó kì í sì í wọlé. Àga tí ọkùnrin náà ń ṣe nígbà yẹn, bí èèyàn bá jókòó lé e, ilẹ̀ ni onítọ̀hún yóò bá ara rẹ̀.

Àṣà kan wà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Ẹdákẹ́ tí ẹ kò ní rí níbòmíràn. Ẹnikẹ́ni kì í bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ láti apá òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí akọ̀wé kan gba apá òsì tábìlì wọlé, tó ro ẹjọ́ rẹ̀ tẹkúntẹkún, tí Ọ̀gá ò sì yíjú wò ó rárá. Akọ̀wé náà jáde. Àwọn tó kù bá ṣàlàyé fún un pé bí àwọn èèyàn ńlá ṣe ń ṣe nìyẹn, apá òsì kọ́ ni wọ́n ti ń gba ẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, apá ọ̀tún ni gbogbo wọn ń tọ̀. Rọ́ọ̀gì apá ọ̀tún gbó títí tó fi kan sìmẹ́ǹtì, ti apá òsì ṣì ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ. Igbákejì Ọ̀gá, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, a sì máa fi ìdajì wákàtí kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní ìtumọ̀ àṣà yìí, bó ṣe fi ìjìnlẹ̀ òye Ọ̀gá hàn.

Ìjìnlẹ̀ òye wo? Etí òsì Ọ̀gá Ẹdákẹ́ ti kú ni. Kò wúwo, kò di díẹ̀, ó ti kú fin-ín-fin-ín. Àwọn àgbà ní etí ò gbọ́ yìnkìn, inú ò bà jẹ́, òun náà sì ti gbádùn ìdajì ayé tí kò gbọ́ yẹn débi tó fi rò pé agbára òfin òun ló mú kó dákẹ́. Ó fura nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n tí ìfura bá ti fẹ́ gbérí nínú ọkàn rẹ̀, ó ń pàṣẹ kó dákẹ́ bó ṣe ń pàṣẹ fún àkùkọ.

Ní báyìí, ipò Akọ̀wé Àgbà, tó ga ju ti Olùdarí lọ, ṣófo ní iléeṣẹ́ Mínísítà. Ẹ ò mọ bí ipò yìí ṣe ń wu Ọ̀gá Ẹdákẹ́ tó. Àwọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́ ti dé ibẹ̀, wọ́n ti kúrò, wọ́n ti ń fi owó ìfẹ̀yìntì sin adìyẹ. Tó bá ń wẹ̀ láàárọ̀, tí èéfín omi gbígbóná bá bo dígí, yóò fi ìka kọ "Akọ̀wé Àgbà" sí i, yóò sì dúró wò ó títí omi yóò fi máa ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀. Mínísítà fúnra rẹ̀, obìnrin àgbà kan tí kì í pariwo, ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kí i nílé, kí òun fi ojú ara òun wo irú èèyàn tó jẹ́. Ọ̀gá pinnu pé fíìmù ni òun yóò fi hàn án. Wọ́n ti ya fíìmù náà sílẹ̀, "Ìlú Tó Dákẹ́" ni àkọlé rẹ̀. Kò ní orin, kò sí ẹni tó ń jà níbẹ̀. Òpópónà tó dákẹ́ ni wọ́n yà, ọjà tó dákẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tó dákẹ́, títí dé ìparí, níbi tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti jáde wá sọ̀rọ̀.

"Mo fẹ́," ni Ọ̀gá wí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, "kí Mínísítà gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn ketekete. Kó gbọ́ ọ níwájú, kó gbọ́ ọ lẹ́yìn. Kó yí i ká."

"Kó wọ̀ wọ́n lára, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà fi kún un.

Ẹ̀rọ sinimá kan tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n wà ní pálọ̀ Ọ̀gá láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn sípíkà rẹ̀ jẹ́ àpótí igi, méjì tó wà níwájú ga dé ìbàdí èèyàn. Wúfà rẹ̀, èyí tó ń gbé ohùn tó rinlẹ̀ jáde, wà ní kọ̀rọ̀, ó tóbi bí fìríìjì kékeré, ìyàwó Ọ̀gá sì máa ń gbé òdòdó lé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́. Rọ́bà tó yí ojú sípíkà ká ti ń já bọ́ bí èérún búrẹ́dì, ampilifáyà tó ń fún wọn lóhùn a máa gbóná kó tó sọ̀rọ̀, bí wúfà bá sì fẹ́ dún, ikọ́ ló ń hú.

Wọ́n bá pe ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ojú oníbàárà ju iṣẹ́ lọ. Ó kan àwọn àpótí náà kó-kó-kó, ó gbé etí tì wọ́n.

"Igi àtijọ́ nìyí, sà. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká dá àpótí sí, ká pààrọ̀ rọ́bà ojú wọn, ká ra ampilifáyà tuntun, ká fa wáyà tó nípọn. Tá a bá ti tò ó tán, á dún ju tuntun lọ."

"Ní ìbámu pẹ̀lú agbára tí ìjọba gbé lé mi lọ́wọ́..." ni Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà dúró títí ó fi parí, ó tú àpótí àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tó ṣe tán, Ọ̀gá ní wọn ò lè kàn tan ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àfi kí òun ṣí i. Wọ́n ta rìbọ́nù yí ampilifáyà ká. Ìyá Àtẹ́wọ́ ló gbé sísọ́ọ̀sì dání. Olórí àwọn akọ̀wé ni obìnrin yìí, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́ níbi gbogbo, ọwọ́ rẹ̀ a máa pariwo bí ìgbà tí wọ́n ń fi pákó gbá pákó, kò sì sí òfin kankan tó kàn án. Ọ̀gá bá àwọn sípíkà náà sọ̀rọ̀ gan-an. Ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ sí ìlú, kí wọ́n má sì ṣe gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ó wá ku kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹnjiníà gbé màíkì kékeré kan kalẹ̀ níwájú àga Ọ̀gá, ó gbé e sókè dé ibi tí etí rẹ̀ yóò wà tó bá jókòó. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà yóò máa súfèé láti inú sípíkà kọ̀ọ̀kan, màíkì yóò gbọ́ ọ, ẹ̀rọ yóò sì fúnra rẹ̀ mọ èyí tí yóò dín kù àti èyí tí yóò fi kún. "Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ilé dákẹ́."

Ilé dákẹ́. Ẹ̀rọ náà súfèé ní apá ọ̀tún: fìíìì. Ìyá Àtẹ́wọ́ ò lè mú un mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì gbè é. Ọ̀rọ̀ kan jáde lójú tẹlifíṣọ̀n pé ariwo ti pọ̀ jù nínú yàrá náà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nínú ilé Olùdarí Ariwo o! Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kálukú fẹ́ dákẹ́ ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ kí Ọ̀gá lè rí i. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà sé èémí rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ara ògiri ni wọ́n ti lọ mú un kó má bàa ṣubú lu wúfà. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀n ọ́n tán, ó sì gún régé. Bí wọ́n ṣe fi fíìmù díẹ̀ sí i, atẹ́gùn inú òpópónà fẹ́ yẹ́ẹ́ láti apá kan yàrá dé apá kejì, ó dùn ún gbọ́ bí nǹkan míì.

Ọ̀gá Ẹdákẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀, ó dijú. Ó ṣí i.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ti apá òsì kò fi sọ̀rọ̀?"

Sípíkà òsì náà ń dún gbọnmọgbọnmọ létí gbogbo wọn. Ẹnjiníà la ẹnu láti sọ pé ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n o, pé ọgbọọgba ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ gbà á lẹ́nu mi ni, sà! Mo kàn ń bọ̀wọ̀ ni, n ò fẹ́ ṣáájú yín sọ ọ́. Ti òsì yẹn, kò sọ nǹkan kan."

"Kò tiẹ̀ mí, sà," ni Ìyá Àtẹ́wọ́ wí.

Wọ́n yíjú sí Ẹnjiníà. Ọkùnrin náà wo ojú Ọ̀gá, ó wo ojú iṣẹ́ rẹ̀. "Ó... ó jọ pé ojú ń tì í, sà."

Wọ́n bá fi kún ti òsì. Wọ́n tún fi kún un. Ọ̀gá ní kò tíì dé. Wọ́n gbé sípíkà òsì lọ sí ọ̀tún, wọ́n gbé ti ọ̀tún wá sí òsì. Ẹ wò ó, sípíkà tó ti kú jí ní ọ̀tún, èyí tó wà láàyè kú ní òsì. Ká ní èmi àti ẹ̀yin ni, a ò bá ti wo ara wa lójú, a ò bá sì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun lábẹ́ ẹnì kan kì í tètè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, Ìgbìmọ̀ Olùṣèwádìí lórí Ọ̀ràn Sípíkà Òsì, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni alága. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ bisikíìtì, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde pé sípíkà ò jẹ̀bi, wáyà ò jẹ̀bi, igun òsì pálọ̀ náà ló ń gbé ohùn mì. Ògiri ibẹ̀ ti lanu, kí wọ́n dá a lu kí ohùn lè rọ́nà mí. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà buwọ́ lù ú. Gbogbo wọn buwọ́ lù ú.

Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ bíríkìlà dé, ó sì dá ihò ńlá sí igun ilé onílé. Pákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi bo ojú ihò náà. Wọ́n tún gbé wúfà méjì míì kún èyí tó wà níbẹ̀, wọ́n sì yí bọ́tìnnì ti òsì títí tó fi kọ̀ tí kò yí mọ́. Nígbà náà ni ilẹ̀ tó gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì Ọ̀gá, tó fi rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Hẹn-ẹn! Ó ti ń bọ̀. Ẹ ò gbọ́ ọ?"

"Pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ báyìí ló ń dún, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà pariwo, ó fi òwú dí etí rẹ̀ méjèèjì.

Ìyàwó Ọ̀gá kúrò ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú òdòdó rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mu tíì, ó fa àga wá sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì jókòó.

"Dádì, ògiri kọ́ o. Etí yín ni. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

Ọ̀gá gbé ife kalẹ̀. Ó fẹ́ bínú, ó tiẹ̀ ti húkọ́ láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ò jáde. Ẹ̀rù ló jáde.

"Kí lo fẹ́ kí n lọ sọ fún dókítà? Olùdarí Ariwo tí kò gbọ́ ariwo? Tó bá ta sí wọn létí, ṣé wọ́n á fi mí jẹ Akọ̀wé Àgbà? Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí Mínísítà wá kó lọ ná."

"Tí wọ́n bá wá, tí wọ́n gbọ́ nǹkan tó wà ní pálọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n máa gbọ́," ni Ọ̀gá wí, ó sì gbé ife rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó rẹ̀, inú sì tún bí i.

Ọjọ́ pé, Mínísítà dé lọ́sàn-án gangan, òun àti báàgì rẹ̀ nìkan, kò kó èrò lẹ́yìn. Ọ̀gá fi ọ̀rọ̀ ìkíni kí i káàbọ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa tán, Mínísítà ti fara ti férémù ilẹ̀kùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ti sáré gba gbogbo àga apá ọ̀tún bí àṣà wọn. Ọ̀gá sì ti rò ó dáadáa pé sípíkà òsì yìí, níwọ̀n bó ti jẹ́ onítìjú, ẹ̀bá rẹ̀ gan-an ló yẹ kí àlejò pàtàkì jókòó sí, kí ohunkóhun má bàa fò ó. Ó nawọ́ sí àga ńlá kan tó kọjú sí àpótí igi náà, tí kò jìnnà sí i ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà dìde díẹ̀ láti kìlọ̀. Ó rántí pé òun ti buwọ́ lùwé pé kò dún. Ó tún jókòó.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Òpópónà tó dákẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, atẹ́gùn sì fẹ́ níbẹ̀. Ní ọ̀tún, ó fẹ́ yẹ́ẹ́. Ní òsì, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù. Mínísítà fò lórí àga. Eṣinṣin kan ti fò kọjá níwájú màíkì àwọn tó ya fíìmù náà, ẹ sì mọ̀ pé eṣinṣin kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n èyí gba apá òsì pálọ̀ kọjá bí ọkọ̀ òfurufú tó fẹ́ balẹ̀ sí yàrá ìdáná. Mínísítà fi ọwọ́ méjèèjì di etí mú.

"Ọ̀gá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù!"

Ọ̀gá Ẹdákẹ́ ò gbọ́. Ó kàn fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i pé Mínísítà káwọ́ lé orí. Ó ti yà á lẹ́nu, ó rò nínú ara rẹ̀, ó ti ká a lára. Inú rẹ̀ dùn dé ìsàlẹ̀. Ó mú rìmóòtù, ó sì fi kún un.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dé ìparí, tí àwòrán Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jáde, tó húkọ́, tó sì pàṣẹ fún gbogbo ìlú pé: "Ẹ DÁKẸ́!"

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Ikọ́ yẹn nìkan ló ti jẹ́ kí ife tábìlì rìn lọ sí etí tábìlì, nígbà tí ẹ dákẹ́ yóò fi jáde, ife ti wà nílẹ̀. Pátákó sílíǹgì kan já bọ́ sórí Ìyá Àtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń pàtẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹfun ògiri funfun bo Mínísítà láti orí dé èjìká. Pákó tí wọ́n fi bo ihò igun ilé fò jáde lọ sí òpópónà, ìgbà tí eruku rọlẹ̀, orí káfíńtà ẹ̀yìnkùnlé ni wọ́n rí nínú ihò náà, òun àti òòlù rẹ̀ tó wé ní àkísà, àwọn ará àdúgbò sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni káfíńtà wí, "ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń sùn."

Ìyàwó Ọ̀gá ti dé ìdí ògiri, ó yọ pílọ́ọ̀gì. Ilé pa lọ́lọ́. Etí ọ̀tún Ọ̀gá, ọ̀kan ṣoṣo tó kù fún un, ń hó yeee débi pé kò tíì gbọ́ nǹkan míì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Tẹlifíṣọ̀n tó ti kú ló ṣì ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ìyìn.

Mínísítà gbọn ẹfun kúrò lórí. Kò pariwo. Láti ibi tó jókòó sí ní òsì, ó ní, "Ọ̀gá, kí lèyí?"

Ọ̀gá ò mira. Mínísítà wò ó títí. Ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́.

"Ṣé ọ̀gá yín ò gbọ́ mi ni?"

"Wọ́n gbọ́, mà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà dáhùn. "Wọn kì í fèsì ọ̀rọ̀ tó bá ti apá òsì wá ni. Bí wọ́n ṣe jinlẹ̀ tó nìyẹn."

"Ṣé òótọ́?" Mínísítà fara mọ́ etí òsì Ọ̀gá, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. "Mo wá fi yín jẹ Akọ̀wé Àgbà ni. Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ kàn nawọ́ sókè."

Gbogbo pálọ̀ gbọ́ ọ. Káfíńtà gbọ́ ọ nínú ihò. Ọ̀gá Ẹdákẹ́, tó ti fi ìka kọ orúkọ ipò yẹn sára dígí láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín sí tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ di pílọ́ọ̀gì mú lọ́wọ́, omi lé ròrò sí i lójú. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un látọjọ́ yìí tó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

Ọwọ́ kan wá lọ sókè díẹ̀díẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ti Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni.

"Ìwọ?" ni Mínísítà wí. "Ó dáa. Sípíkà yìí, ṣé o gbọ́ bó ṣe ń dún?"

"Mà... ó dún díẹ̀, mà."

"Ta ló wá buwọ́ lùwé pé kò dún, tí wọ́n fi dá ilé onílé lu?"

Ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀ ju bó ṣe gòkè lọ.

"Ká ní ọ̀gá yín sọ fún mi pé etí ń yọ òun lẹ́nu," ni Mínísítà wí bó ṣe ń mú báàgì rẹ̀, "ǹ bá ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí fún un, ǹ bá sì ti gbéṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Etí ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé etí rẹ̀ ò gbọ́, n ò lè fi ìjọba sí i lọ́wọ́. Kó wá máa bójú tó yàrá tá à ń kó àga sí. Ìwọ náà, tẹ̀ lé e lọ, kẹ́ ẹ máa bá àga sọ̀rọ̀." Ó kí ìyàwó Ọ̀gá pé ó kú ìfaradà, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ọ̀gá Ẹdákẹ́ dìde, ó tẹríba sí ẹ̀yìn Mínísítà. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Mo rí i pé ó dùn mọ́ wọn nínú. Kí ni wọ́n sọ?"

Ìyá Àtẹ́wọ́ wo ilẹ̀. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí, ó sì sá jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn yòókù ń yọ́ tẹ̀ lé e, títí ó fi ku tọkọtaya náà nìkan, pẹ̀lú káfíńtà nínú ihò, òun náà sì rí ojú ìyàwó Ọ̀gá, ó gbé pákó tó fò jáde padà bo ihò náà.

Ìyàwó rẹ̀ wá sí apá ọ̀tún, ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí, kò dín, kò lé. Ó sọ ibi tí Mínísítà ti ní kó nawọ́ sókè. Ọ̀gá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò húkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà, òsì mi lo máa ń wà lórí ibùsùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo rò pé o ti di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Mo tiẹ̀ ń yangàn pé ìyàwó mi ń pa òfin mi mọ́. Ṣé o máa ń sọ̀rọ̀?"

"Ojoojúmọ́, Dádì. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀."

"Kí lo máa ń sọ?"

Obìnrin náà rò ó wò. Ó mú ẹfun ògiri kúrò ní kọ́là aṣọ ọkọ rẹ̀. "Ìfẹ́ wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù, èébú ni."

Ọ̀gá Ẹdákẹ́ jókòó padà sórí àga rẹ̀, láàárín gbogbo àpótí igi wọ̀nyẹn, ó sì fọwọ́ pa ààyè tó ṣẹ́ kù lára àga ní apá ọ̀tún.

"Jọ̀ọ́, jókòó síbí," ó ní, "kó o wá bú mi dáadáa, kí n gbọ́."